Bí Ẹ̀wà Dáléko Ṣe Di Èèwọ̀ ní Yúróòpù

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà lápòlápò ní Mushin, Dáléko ló ń forí lé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ àjàgbé tó kó ẹ̀wà wá láti òkè Ọya ti ń já ẹrù. Àwọn alábàárù á gbé àpò sọ́rùn, àwọn ìyá ẹlẹ́wà á tú ẹnu àpò, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ láti wò ó bóyá kòkòrò ti dá a lu. Láti ibẹ̀ ni olóyin àti funfun ti ń gba Ojúwòyè lọ, tí wọ́n ń lọ sí Tejúòṣó ní Yábàá àti sí Òyìngbò, títí wọ́n á fi di àkàrà tí wọ́n ń dín ní Surulere láàárọ̀ kùtù, tàbí ẹ̀wà àgànyìn tí òṣìṣẹ́ fi ń jẹ búrẹ́dì Agége kó tó wọ mọ́tò.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2015, ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè kankan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU. Ọdún kan péré ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ní 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta lé e. Ní 2019, wọ́n tún fà á gùn. Nígbà tó yá, wọ́n kó o wọ inú òfin gbogbogbòò tó ń ṣọ́ oúnjẹ tó ń ti òkèèrè wọlé. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ló pé ọdún mẹ́wàá gbáko.

Bí a bá bi àwọn èèyàn lọ́jà pé kí ló fà á, Sniper, oògùn apakòkòrò, ni wọ́n máa dárúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tíì kún. Oògùn yìí ti ń wọ inú ẹ̀wà kó tó di 2015. Yúróòpù gan-an ló yí padà: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáko níbẹ̀ yí padà, ohun tí ìjọba wọn ń náwó lé lórí náà sì yí padà. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn oko wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tiwa kò ní yé e tán.

Ebi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, tí ogun Hitler ṣì ń jà, ebi pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Netherlands. Àwọn ará ìlú ńláńlá ibẹ̀ wú ìdí òdòdó tulip, wọ́n sè é jẹ. Sicco Mansholt, àgbẹ̀ tó di olóṣèlú, ni wọ́n fi ṣe mínísítà ọ̀gbìn orílẹ̀-èdè náà nígbà tí ogun parí. Ní 1958, nígbà tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà para pọ̀ láti dá ọjà kan sílẹ̀, òun náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ oko lé lọ́wọ́. Ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1962 kò lọ́jú pọ̀: àgbẹ̀ tó bá gbin ọkà, tàbí tó bá ń fún wàrà, ìjọba kò ní jẹ́ kí owó ọjà rẹ̀ já wálẹ̀ ju iye kan lọ. Bí oníbàárà kò bá rà á, ìjọba á rà á.

Àgbẹ̀ wọn gbọ́, wọ́n sì ṣe é. Wọ́n da ajílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fín oògùn, wọ́n hu igbó tó pààlà oko kí ẹ̀rọ lè ráàyè kọjá. Láàárín ogún ọdún, oúnjẹ pọ̀ ju ẹnu lọ. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, ilé ìkẹ́rùsí ìjọba kún fún bọ́tà, mílíìkì oníyẹ̀fun àti ọtí wáìnì tí kò rẹ́ni rà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú fún àwa tí a wà níhìn-ín, ó sì ń ba ọjà àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà jẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Omi abẹ́ ilẹ̀ wọn gba oògùn àti ajílẹ̀ sára, ẹyẹ oko sì ń dín kù. Ní 1984, wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye wàrà tí àgbẹ̀ lè fún. Ní 1992, Ray MacSharry, ọmọ Ireland tó ń bójú tó ètò náà nígbà yẹn, gé owó ìdánilójú ọjà wálẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa san owó fún àgbẹ̀ tààrà. Nígbà tó di 2003, wọ́n so owó náà mọ́ ìwà: àgbẹ̀ tí kò bá tọ́jú omi, ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn bó ṣe yẹ, wọ́n á gé nínú owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn oko ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1991 ní kí gbogbo èròjà oògùn tó wà lórí àtẹ padà wá jẹ́jọ́ ara rẹ̀. Wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí àyẹ̀wò náà parí ní 2009, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló yè é. Láàárín ìgbà náà ni ẹ̀rù méjì ba àwọn ará ìlú: ti àrùn wèrè màlúù ní 1996, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn kó o lára ẹran, àti ti adìyẹ Belgium tí májèlé dioxin wọ inú oúnjẹ rẹ̀ ní 1999. Àwọn tó ń jẹun kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba gbọ́ mọ́. Ní 2002, EU dá àjọ tuntun sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ ewu inú oúnjẹ wò.

Dichlorvos, èròjà tó wà nínú Sniper, kò yege. Ní 2007 ni EU yọ ọ́ kúrò nínú oògùn tí àgbẹ̀ wọn lè lò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, òfin kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun gan-an ló sì wá mú ẹ̀wà wa. Ó ní èròjà tí wọn kò bá yọ̀ǹda ìwọ̀n tirẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò oúnjẹ kan, yálà oko wọn ló ti wá o, yálà òkèèrè ni.

Ó yẹ kí a ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Dáléko. Nínú àpò ẹ̀wà tó wọ̀n 100 kílò, mílígíráàmù kan ṣoṣo ni òfin gbà fún odidi àpò. Nínú ṣíbí tíì kan Sniper tí wọn ò tíì là lómi, nǹkan bí mílígíráàmù 5,000 dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Ṣíbí yẹn nìkan, bó bá tàn ká inú àpò, ó ju òdiwọ̀n lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Òótọ́ ni pé oògùn náà máa ń fẹ́ lọ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ṣùgbọ́n bó ti wù kó fẹ́ lọ tó, ọ̀nà ṣì jìn kó tó dé ibi tí wọ́n ń wá. Láti ọdún 2013 ni ibodè Yúróòpù ti ń kọ̀wé ìkìlọ̀ léraléra nípa ẹ̀wà tó ti Nàìjíríà wá. Nínú ẹrù tí wọ́n dá padà, èyí tó kéré jù ní 0.03 mílígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tó pọ̀ jù ní 4.6. Ìyẹn kọjá òdiwọ̀n ní ìlọ́po 460.

Kí ló dé tí ìyá ẹlẹ́wà yóò fi da irú nǹkan báyìí sórí oúnjẹ? Ìdáhùn wà nínú ayé kòkòrò ẹ̀wà. Láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà wọlé. Abo rẹ̀ á lẹ ẹyin mọ́ ara hóró. Ìdin á gbẹ́ ihò wọnú, á máa jẹun nínú ibẹ̀ láìhàn síta. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù kan, nínú ooru Èkó, ó ti di kòkòrò tó lu hóró jáde, ó sì ti ń wá ibi tí yóò yé sí. Àpò tó dára nígbà tó dé lè ti di ìyẹ̀fun kó tó pé oṣù mélòó kan. Àdánù náà, orí ẹni tó ra àpò náà ni gbogbo rẹ̀ já lé. Kò sí ìjọba kankan tó ní òun á rà á bí oníbàárà bá kọ̀ ọ́.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń sá ẹ̀wà sóòrùn, wọ́n ń po ó mọ́ eérú tàbí ata gbígbẹ, wọ́n ń fi epo ra á lára, wọ́n ń fi ewé dóńgóyárò sí i, wọ́n ń dí ẹnu akèrègbè pa. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹ̀wà tí ilé kan máa jẹ. Kò ṣeé fi tọ́jú ọ̀ọ́dúnrún àpò nínú ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé rẹ̀ ń jò lẹ́bàá ọ̀nà Ìsọlọ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá ń lo oògùn oníhóró tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, èyí tó nílò ilé tí wọ́n dí pa àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, torí afẹ́fẹ́ náà ń pààyàn. Sniper ní tirẹ̀ wà ní ìgò kékeré, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ni jù lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó. Ẹni tó bá ń pe àwọn obìnrin yìí ní ìkà kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà débi tó yẹ.

Ọjà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹ̀wà lọ sókè òkun ti ń rà á. Àpò tó wọ kọ̀ǹtéínà ní Àpápá ti lè gba ọwọ́ àgbẹ̀, ọwọ́ alágbàtà abúlé, ọwọ́ oníṣòwò Kano, ọwọ́ awakọ̀ àti ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù Èkó kọjá. Ta ló da oògùn sí i nínú wọn? Ẹni tó ń kó o lọ kò mọ̀. Nígbà tí Brussels, olú iléeṣẹ́ EU, ní kí Nàìjíríà fi hàn bí yóò ṣe máa ṣọ́ ẹ̀wà láti oko títí dé ibodè, ibi tí ọ̀rọ̀ náà há sí nìyẹn, ibẹ̀ ló sì há sí títí di òní.

Àwọn aládùúgbò wa bọ́ nínú irú wàhálà yìí kíákíá. Ọdún 2015 yẹn kan náà ni EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ata àti ẹ̀fọ́ kan láti Gánà nítorí kòkòrò tó bá wọn wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2018, ilẹ̀kùn ti ṣí. Orílẹ̀-èdè Benin tilẹ̀ ṣáájú EU: ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba wọn fúnra rẹ̀ dá kíkó ọ̀pẹ̀yìnbó lọ sí Yúróòpù dúró, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń mú kí èèpo rẹ̀ pọ́n ti ju òdiwọ̀n lọ. Wọ́n kọ́ àgbẹ̀, wọ́n tún ọ̀nà àyẹ̀wò ṣe, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀yìnbó ní agbègbè Àlàdá rọrùn láti tọpa: oko rẹ̀ mọ níwọ̀n, àwọn tó ń kó o lọ kò pọ̀. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2017, nígbà tí Audu Ogbeh jẹ́ mínísítà ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti fòpin sí dídá ẹrù wa padà. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, èèwọ̀ náà sì ń bá a lọ.

Ní Peckham, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí ní London, ẹ̀wà kò wọ́n lórí àtẹ. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀ ni Amẹ́ríkà, Peru tàbí Madagascar. Orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀wà jù lọ láyé kò sí lára wọn.

Síbẹ̀, owó tí a pàdánù ní Peckham kọ́ ló yẹ kó dùn wá jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ̀wà tó ń lọ sí Yúróòpù. Ilé la ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Irú àpò tí wọ́n dá padà ní ibodè, ọmọ iléèwé ní Mushin ń jẹ ẹ́ láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dichlorvos ṣe ń pa kòkòrò náà ló ṣe ń ṣe èèyàn: ó ń dá èròjà kan dúró tó ń jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 120 dèrò ilé ìwòsàn ní Doma, ìpínlẹ̀ Gombe, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà tí oògùn lindane wà nínú rẹ̀; lọ́dún náà ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ọgbọ̀n irú oògùn oko. Ní 2018, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà kìlọ̀ pé wọ́n ń fi Sniper tọ́jú ẹ̀wà lọ́jà, ó sì gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi omi ṣan ẹ̀wà dáadáa kí wọ́n tó sè é. Ní 2019, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ọ̀gá àgbà NAFDAC, fòfin de títà ìgò kékeré náà ní ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ibi tí wọ́n fún níwèé àṣẹ nìkan ló yẹ kí wọ́n ti máa tà á. Àjọ náà kò dúró síbẹ̀: ó fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó sì fòfin de atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025.

Òfin dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn Yúróòpù ni pé òfin wọn kò dá nìkan rìn. Owó bá a rìn. Láàárín ọdún 2021 sí 2027, nǹkan bí 387 bílíọ̀nù owó yúrò ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ọ̀gbìn, ìyẹn sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìnáwó EU. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ EU fẹ́ gé lílo oògùn oko sí ìdajì kó tó di 2030, àwọn àgbẹ̀ wa tírákítọ̀ dí ìgboro Brussels ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Ursula von der Leyen, ààrẹ ìgbìmọ̀ náà, kéde pé àwọn yóò fa àbá òfin ọ̀hún padà. Bí àgbẹ̀ tí ìjọba ń sanwó fún bá lè fapá jánú báyìí, kí la wá ń retí lọ́dọ̀ obìnrin tó yá owó ẹgbẹ́ àlájẹṣẹ́kù ra ogún àpò ẹ̀wà, tí ẹnikẹ́ni kò ní dá kọ́bọ̀ padà fún un bí kòkòrò bá jẹ ẹ́?

Ó sì yẹ kí a sọ èyí náà fún Yúróòpù. Oògùn tí wọn kò jẹ́ kí àgbẹ̀ tiwọn fọwọ́ kàn, ilé iṣẹ́ wọn ṣì ń ṣe é tà fún ẹlòmíràn. Ní 2018 nìkan, ìwé tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ìjọba fi hàn pé ó lé ní 81,000 tọ́ọ̀nù irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sókè òkun láti EU àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 2022, àmọ́ àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò tíì kárí EU. Ìwà yìí kò tọ́: ẹni tó ta májèlé kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí yóò tún máa dá ẹ̀wà padà.

Ibodè wọn kò ní rọ̀. Ìwọ̀n oògùn méjì tó ń pa oyin, clothianidin àti thiamethoxam, ni wọ́n ti fà wálẹ̀ pátápátá nínú oúnjẹ, títí kan èyí tó ń ti òkèèrè wá, láti oṣù Kẹta ọdún 2026. Ní oṣù Kejì 2025, Christophe Hansen, tó ń bójú tó ọ̀gbìn níbẹ̀ báyìí, gbé ìwé ètò kan jáde tó ní oògùn tí wọ́n bá ti lé kúrò nínú oko wọn kò gbọdọ̀ gba inú oúnjẹ àjòjì padà wọlé. Ẹ̀wà tuntun SAMPEA 20-T, tí àwọn onímọ̀ ní Zaria ṣe, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 2019, ń dín fífín oògùn lóko kù nítorí pé ó lè gbéjà ko kòkòrò tó ń lu pódi ẹ̀wà. Kò lè dá kòkòrò inú àpò dúró, àti pé torí pé wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe, ó nílò àṣẹ ọ̀tọ̀ kó tó lè wọ Yúróòpù.

Ohun tó lè dá kòkòrò inú àpò dúró kò jìnnà. Ní òpópónà Barikisu Ìyẹ̀dẹ̀ ní Abúlé-Ọjà, Yábàá, ni ọ́fíìsì Èkó ti NSPRI wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọdún 1948, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá a sílẹ̀ kí irè tó ń lọ sókè òkun má baà bàjẹ́. Ìlọrin ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí. Wọ́n ní àgbá onírin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n sì ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ṣe láti ara ilẹ̀ diatomite, èyí tó ń fá ọ̀rá ara kòkòrò títí yóò fi gbẹ kú. Àpò onípele mẹ́ta tún wà, tí Larry Murdock láti Yunifásítì Purdue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní àríwá Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Bí wọ́n bá dí i pa, kòkòrò inú rẹ̀ á fúnra rẹ̀ lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á sì gbẹ. Ẹ̀wà á wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìsí oògùn kankan.

Àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ, ìyẹn ni ìyá ẹlẹ́wà sì máa kọ́kọ́ wò. Ẹ̀wà tó ti inú rẹ̀ jáde kò ní àmì kankan lójú oníbàárà, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi náírà kan lé owó kóńgò rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ ṣe kò le: kí wọ́n gba apá kan owó àpò náà rù fún ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, kí àwọn ìyálọ́jà pín in fún àwọn tó ń tà lápò, kí wọ́n sì máa mú ẹ̀wà láti Dáléko lọ fún àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò NAFDAC tó wà ní Òṣòdì, kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Láti Dáléko dé Òṣòdì, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni.